Òróró Tí Mo Dà Sí Táyà Alùpùpù Kọ́lá

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹrù kan wà láyà mi tó ti pé ọdún méje báyìí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, mo máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, màá bá a níbẹ̀, ó ti dé ṣáájú mi.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nísinsìnyí ni pé mo pàdé obìnrin kan ní ìlú Reggio Emilia ní oṣù tó kọjá. Ó bẹ̀ mí ní iṣẹ́ kékeré kan, iṣẹ́ tí kò ju ìdajì wákàtí lọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi mọ́. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Padova ní ilẹ̀ Ítálì ni mo ń gbé. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ láti máa dúpẹ́ kí n tó tọrọ. Mo kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún kan lẹ́yìn náà, n kò parí rẹ̀. Nígbà tí mo dé Ítálì, Ọlọ́run ṣàánú mi. Mo rí permesso, ìwé ìgbélùú, gbà, mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn irin, mo sì rí ìjọ tí wọ́n ti ń kọrin ní èdè mi. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí Ọlọ́run fi ṣe mí lóore ni bàbá arúgbó kan tó ń gbé ní àjà ìsàlẹ̀ ilé tí mo háyà. Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ wọn ní Signor Bepi. Alùpùpù ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn tún ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní gáréèjì kan lábẹ́ ilé náà. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí i tí mo ń fi okùn so ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n mi orí, wọ́n fi ọwọ́ pè mí wá sí ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kọ́kọ́rọ́ gáréèjì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, nítorí mo ṣì máa ń rí i lójú àlá. Èèyàn máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́jọ. Òtútù inú rẹ̀ máa ń ju ti ìta lọ. Bí mo bá mí, èémí mi á dúró níwájú mi bíi pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lára ògiri ni gbogbo sípánà wà, Signor Bepi ti fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán ìkọ̀ọ̀kan wọn sí ibi tó máa ń wà, débi pé bí o bá mú ọ̀kan, òjìji rẹ̀ á ṣì wà lára ògiri tí yóò máa dúró dè é. Nígbà òtútù, ìkùukùu máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, a ó sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó dúró sínú omi tí kò rin ẹsẹ̀. Sítóòfù kẹrosíìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò lè móoru dé orúnkún ẹni. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Mo máa ń kọ orin ìyìn jẹ́jẹ́, irin á sì máa dá mi lóhùn.

Signor Bepi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ń tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á to bóòtù kọ̀ọ̀kan sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ìtẹ̀léra bó ṣe jáde. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń mú wọn pariwo, òun náà ni búréèkì. Alùpùpù tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní irin róbótó pẹlẹbẹ kan lára táyà iwájú, tí páàdì méjì máa ń fún mú kí ó lè dúró. Dísìkì ni à ń pè é. Kí n tó fi ọwọ́ kan dísìkì, Signor Bepi á ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi, bí omi náà tilẹ̀ tutù bíi yìnyín. Nígbà tí mo bá padà dé, wọ́n á gba ọwọ́ mi, wọ́n á gbóòórùn ìka mi bí ìyá tó ń yẹ ọwọ́ ọmọ wò kó tó jẹun.

Wọ́n á ní, "Olio qui, mai. Mai, capito?"

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òróró kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Bí òróró bá kan dísìkì, búréèkì kò ní mú, yóò kàn máa yọ̀ ni. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Kọ́lá jẹ́ arákùnrin kan nínú ìjọ wa, ẹgbẹ́ mi ni. Ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kì í débẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ló ń gùn láàárọ̀, nínú ìkùukùu tí èèyàn kò ti ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ wá fún un ní alùpùpù àtijọ́ kan. Inú abà ló wà, adìyẹ ló ń sùn lé e lórí. Kọ́lá tì í wá sí gáréèjì ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Sátidé mẹ́jọ ni mo fi tún un ṣe. Mo tú kàbúrétọ̀, mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ títí ihò tíntìnrín inú rẹ̀ fi là. Mo pààrọ̀ púlọ̀ọ̀gì, mo pààrọ̀ ṣéènì, mo da ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ nù. Mo fi páàdì tuntun sí búréèkì iwájú, mo sì fọ ọwọ́ mi kí n tó ṣe é. Ní Sátidé keje ni ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dáhùn. Ó wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kọ́lá gbá mi mọ́ra tòun ti gírísì. Signor Bepi bọ́ fìlà wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń jí òkú irin dìde.

Sátidé kẹjọ ni a fẹ́ gbàdúrà sí i. Nínú ìjọ wa, kò sí ẹni tó máa ń gun ohun ìrìnnà tuntun láìfi òróró àdúrà kàn án. A máa ń fi kan ọwọ́ ọkọ̀, ìjókòó rẹ̀ àti táyà rẹ̀. Pásítọ̀ wa ni ó máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbàdúrà sí òróró olífì nínú ìgò kékeré kan, wọ́n fi rán Màmá Tósìn sí wa, wọ́n ní kí èmi ṣe é ní ipò wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fún mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ mi.

Màmá Tósìn yìí ló máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín nínú ìjọ. Ìyá arúgbó Ítálì kan ni ó ń tọ́jú, ó sì máa ń fi ohùn ìyá náà sọ̀rọ̀ títí ikùn á fi máa dun wá. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú kúlà ìrẹsì lọ́wọ́ kan àti ìgò òróró lọ́wọ́ kejì, ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Mẹkáníìkì, ṣé ìwọ nìkan lo tún nǹkan yìí ṣe, àbí àwọn adìyẹ bá ẹ dá sí i?"

Kọ́lá ní, "Màmá, ẹ wá jókòó sẹ́yìn mi, kí n gbé yín yí ìlú po."

"Èmi kẹ̀? Kí n gun ibùsùn adìyẹ nínú ìkùukùu yìí? Kọ́lá, gbọ́ mi o. Nǹkan yìí máa jù ẹ́ sínú canale ni, wàá máa kí ẹja pé *buongiorno, signora*!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí canale, odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú, kò jìnnà sí wa. A tó mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀, Signor Bepi nìkan ló wà lókè nínú ilé wọn. Èmi gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí mo gba ìgò òróró náà, òtútù ti mú un dì. Ó funfun bí òrí, kò sì jáde nígbà tí mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Àwọn ará bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè gbàgbé bí ó ṣe rí. Èémí gbogbo wa ń gòkè lọ sí ibi gílóòbù pẹ̀lú orin náà, ìkùukùu wà ní ẹsẹ̀ wa, alùpùpù náà sì dúró láàárín wa lórí ìdúró rẹ̀, ó ń dán. Mo fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀. Mo fi kan ìjókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú táyà iwájú.

Ìka kan péré ni ó yẹ kí n fi kan eteetí rọ́bà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kún. Mo fẹ́ kí òróró náà dé ibi gbogbo lára rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì yí táyà náà, ó ń yí jẹ́jẹ́, mo sì dojú ìgò náà kọlẹ̀ lé e lórí. Òróró tó ti dì yẹn ti yọ́ nínú, èyí tó dì ní ẹnu ìgò bọ́ lójijì, ìdajì ìgò sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà náà ń yí, òróró náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣàn gba ara irin, ó tàn ká orí dísìkì yíká-yíká, ó sì ń tàn bíi wúrà lábẹ́ iná. Mo rò pé n kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí táyà náà dúró ni ojú mi là. Mo rí i. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ìgò spirito tí Signor Bepi fi máa ń nu dísìkì wà lórí pákó, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mi. Akísà wà lápò mi. Bí mo bá ní kí Kọ́lá dúró díẹ̀, kí n tú páàdì náà kí n fọ gbogbo rẹ̀, kò ní gba ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mú akísà láti nu òróró àdúrà kúrò níwájú àwọn tó ń kọrin? Mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní n kò ní ìgbàgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí n má parọ́ fún yín, ìyẹn nìkan kọ́. Ojú tì mí. Èmi tí wọ́n ń pè ní Mẹkáníìkì, tí wọ́n fún ní iṣẹ́ Pásítọ̀, kò lè da òróró láìṣi ibi dà. Mo wá sọ nínú ọkàn mi pé òróró tí a ti gbàdúrà sí kò ní ṣe bí òróró yòókù. Mo pe ìtìjú mi ní ìgbàgbọ́.

Mo ní, "Àmín."

Kọ́lá gbé akoto wọ̀, ó juwọ́ sí wa, ó sì gun alùpùpù náà jáde. Iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ ń kéré sí i nínú ìkùukùu, ohùn ẹ́ńjìnnì náà ń rẹlẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan ń yọ okùn kúrò lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kígbe, ó ṣì lè gbọ́. N kò kígbe. Màmá Tósìn fún mi ní abọ́ ìrẹsì.

A kò tíì jẹun tán tí Signor Bepi fi sáré sọ̀kalẹ̀, láìwọ kóòtù. Ẹnì kan ti tẹ̀ wọ́n láago láti ilé kọfí tó wà lẹ́bàá afárá. Obìnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló yọ sí Kọ́lá láti inú ìkùukùu. Ó tẹ búréèkì, búréèkì kò mú. Ó yà fún obìnrin náà, ó sì lọ kọlu òkúta afárá. Kò bọ́ sínú omi, koríko gíga etí canale ló gbà á sílẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán sí ibi méjì. Títí di òní, ó ń tiro.

Signor Bepi fi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn gbé alùpùpù náà padà wá sí gáréèjì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ní èmi nìkan. Mo tú páàdì méjèèjì, mo fi spirito nu dísìkì náà títí kò fi sí òórùn olífì lára rẹ̀ mọ́. Mo wé páàdì náà sínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, Signor Bepi wà lórí àtẹ̀gùn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n gbóòórùn ìka mi bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Wọ́n bi mí pé, "Gliel'hai detto?" Ṣé mo ti sọ fún Kọ́lá?

Mo ní, "Sì." Bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa.

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn padà lọ. Wọn kò tún bi mí mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọmọ wọn kó gbogbo sípánà wọn fún mi, ó ní bàbá òun ló ní kí òun kó o fún mi. N kò ya òjìji wọn sára ògiri mi. N kò lè ṣe é.

Ẹ̀yin ará mi, bí ó bá jẹ́ ibí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, bóyá n kì bá kọ̀wé. Bóyá ǹ bá ti lọ bá Kọ́lá fúnra mi. Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, arábìnrin kan dìde nínú ìpàdé àdúrà. Ó ní kí ìjọ má gbàgbé ohun tí Màmá Tósìn fi ẹnu rẹ̀ sọ ní gáréèjì. Ó ní, "Ó ní alùpùpù náà máa jù ú sínú canale. Ṣé kì í ṣe etí canale náà ni wọ́n ti gbé e?" Ẹlòmíràn ní, ṣé kì í ṣe òun náà ló gbé òróró wá, ta ló mọ ohun tó sọ sí i lọ́nà? Pásítọ̀ wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn ní kí gbogbo wa máa ṣọ́ ẹnu wa, pé ọ̀rọ̀ a máa rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára rẹ̀.

Màmá Tósìn kúnlẹ̀ láàárín ìjọ. Ó ní, "Eré ni mo ṣe o. Ọlọ́run rí mi, eré ni mo ṣe."

Mo jókòó sí ìlà kejì. Ìgò òróró náà wà lápò kóòtù mi, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti tún dì.

Èmi ni mo mú Màmá Tósìn lọ sí ilé ìwòsàn láti lọ bẹ Kọ́lá. Mo di ọsàn dání. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Kọ́lá náà ń sunkún, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, mo ti dárí jì yín látọkàn wá." Ó dárí jì í fún ohun tí kò ṣe. Ẹni tó ṣe é dúró sí ìdí fèrèsé, ó ń bó ọsàn.

Kí ọdún tó yí po, Màmá Tósìn ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Reggio Emilia. Kọ́lá wá di ẹni tó máa ń jẹ́rìí lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Á tiro jáde, á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní, "Bí kì í bá ṣe pé arákùnrin wa tún alùpùpù yẹn ṣe dáadáa, òkú ni ǹ bá jẹ́." Ìjọ á pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti dìde gba àtẹ́wọ́ náà nígbà mẹ́fà.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí Reggio Emilia fún ìsọmọlórúkọ ọmọ mọ̀lẹ́bí mi kan. Màmá Tósìn wà níbẹ̀. N kò kọ́kọ́ dá a mọ̀, nítorí ó jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn obìnrin tó kù ń fi bàbá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò dá sí i. Nígbà tó rí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run ló rán mi wá. Ó ní ilé òun kò jìnnà, kí n jọ̀ọ́ bá òun yẹ nǹkan kan wò.

Motorino ni, alùpùpù kékeré. Tósìn ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, motorino náà ló máa gùn lọ sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ wọlé lọ mú nǹkan kan. Ọmọ náà rọra bi mí ní èdè Ítálì pé, "Lei la conosceva prima? È vero che mia mamma scherzava?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ìyá òun máa ń ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ọmọ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Mo ní, "Sì. Tanto." Bẹ́ẹ̀ ni, gan-an ni.

Màmá Tósìn jáde padà. Ó ní, "Mẹkáníìkì, ìwọ náà mọ̀ pé ẹnu mi ò dáa. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ jáde, mi kì í sọ nǹkan kan. Mi ò lè sọ pé kó rọra. Mi ò lè sọ pé ó dàbọ̀ pàápàá. Ọwọ́ ni mo máa ń jù sí i. Jọ̀ọ́, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bá mi gbàdúrà sí i." Ó sì na ìgò òróró kékeré kan sí mi.

Mo yẹ búréèkì wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára. Mo fi ìka kan ìjókòó, mo gbàdúrà, mo sì yára nu ọwọ́ mi.

Ó ní, "Táyà ńkọ́?"

"A kì í fi sí táyà, Màmá."

"Ṣebí o fi sí ti Kọ́lá."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fura. Ó kàn rántí ni. Ó ń wò mí, ó ń dúró dè mí pẹ̀lú ojú tó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbọ́ adùn àti kíkorò rẹ̀ lórí ahọ́n mi. Ohun tí mo wá sọ ni pé, "Òtútù pọ̀ níta, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Oṣù karùn-ún ni. Oòrùn ń ràn lé wa lórí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ padà sílé, mo sùn lọ, mo sì rí táyà kan tó ń yí jẹ́jẹ́ nínú ìkùukùu, tí wúrà ń ṣàn lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n dá a dúró, kò dúró.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ sọ ọ́ fún Màmá Tósìn nínú ilé rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, àbí kí n dúró síwájú ìjọ níbi tó ti kúnlẹ̀, níwájú Kọ́lá, ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tó ń bọ̀? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní òróró àdúrà ló ba ẹsẹ̀ Kọ́lá jẹ́, mo sì ń bẹ̀rù kí ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni má bàa yẹ̀ nítorí mi. Mo ṣì gba àdúrà gbọ́. Òróró náà kò ṣẹ̀. Ibi tí mo dà á sí ni, àti akísà tó wà lápò mi tí n kò mú jáde. Kọ́lá, bí o bá rí ìwé yìí, wàá mọ afárá náà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí, kí o sì gba ìdáríjì tí o fún Màmá padà. Òun kọ́ ló ni ín.

Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń ka ojú ìwé yìí ní Reggio Emilia náà. Màmá, bí ó bá kàn yín lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnu yín. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹnu yín. Ọwọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí Tósìn bá gbé akoto wọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má juwọ́ nìkan. Ẹ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ó dàbọ̀.